Ọjọ́ Tí Etí Mi Dójú Tì Mí

Ọmọ mi obìnrin ló ra tíkẹ́ẹ̀tì náà fún mi. Ó pè mí láti ilé rẹ̀ ní Richmond Hill, ó ní, "Dádì, ẹ má gba iṣẹ́ kankan ní Sátidé tó ń bọ̀ o." Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní Sátidé. Ó ní kí n gbé fóònù sún mọ́ etí. Ó wá tún un sọ pé àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin olówó ńlá fẹ́ pàtẹ ọjà wọn sí òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, pé ẹni tó bá ti sanwó ìwọlé lè jókòó gbọ́ wọn títí yóò fi sú u. Ó ní bí òun ṣe rí i lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, èmi ni mo kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn.

Kò lè jẹ́ ẹlòmíràn. Láti kékeré lọmọ yìí ti mọ̀ pé bàbá òun fẹ́ràn ohùn orin ju oúnjẹ lọ. Ní Ìbàdàn, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Mọ́kọ́lá tí wọ́n ti ń ta àwo orin, tí ẹni tó ni ín gbé sípíkà méjì síta. Bí mo bá ti ń ti ilé ìwé bọ̀, màá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì mi títí ebi á fi lé mi lọ sílé. Mo mọ ìgbà tí onígìtá kejì wọlé, mo mọ ìgbà tí akọrin fa èémí sínú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní etí mi yàtọ̀ sí ti ọmọ ènìyàn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tí ayé àwọn ológun le koko tí mo sá wá sí Toronto, ohun tí mo gbé wá kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbé ìgbàgbọ́ yẹn wá.

Ìgbàgbọ́ náà ló sọ mí di Dádì Sáúǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ṣọ́ọ̀ṣì náà wà ní Meadowvale, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gbọọrọ tí wọ́n kọ́ fún ọ́fíìsì àti ìkẹ́rùsí. Àwọn tó ń ta táìlì wà lápá ọ̀tún wa, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wà lápá òsì. Èmi ni mo yan sípíkà tí a gbé kọ́ sára ògiri, èmi ni mo yan máìkì, èmi náà ni mo máa ń jókòó sídìí míksà lẹ́yìn pátápátá, tí màá máa fi ìka yí bọ́tìnnì. Bí àlejò bá wá, Pásítọ̀ á nawọ́ sí mi, wọ́n á ní, "Ẹ wo bàbá wa lẹ́yìn. Àwọn ló ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi." Ìjọ á pàtẹ́wọ́. Èmi á mi orí bí ẹni tí kò fẹ́ ìyìn, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ ẹ gan-an ni.

Nígbà tí Sátidé pé, mo wọ kóòtù aláwọ̀ eérú mi, mo fi lọ́fínńdà síra. Ọmọ mi wá gbé mi nílé wa ní Weston, a sì dé òtẹ́ẹ̀lì náà kí èrò tó pọ̀. Wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú ọ̀pọ̀ yàrá. Sípíkà ni wọ́n gbé síwájú fèrèsé dípò rẹ̀, wọ́n to àga, wọ́n fa kọ́tìnnì bo ojú ọjọ́. Bí a ṣe ń rìn lọ ní kọ́rídọ̀, orin kan á jáde láti ẹnu ọ̀nà kan, òmíràn á pàdé rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà kejì. Òyìnbó ọkùnrin tó ti ń darúgbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wá, orí wọn funfun bíi tèmi, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ lójú.

Nínú yàrá tí a kọ́kọ́ wọ̀, sípíkà wọn ga jù mí lọ, wọ́n sì funfun bíi fìríìjì. Mo rò pé ariwo ni wọn yóò fi bò wá mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin kan ṣoṣo ló jáde, kò sì dàbí pé inú sípíkà ló ti ń bọ̀ rárá. Ó dúró láàárín àwọn méjèèjì, níbi tí kò sí nǹkan kan àyàfi kápẹ́ẹ̀tì. Ó dà bíi pé bí mo bá nawọ́, màá kan aṣọ rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì, mo gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì. Omi lé sí mi lójú. Mo wo ọmọ mi, èmi ló ń wò, kì í ṣe sípíkà. Inú rẹ̀ ń dùn pé inú mi ń dùn.

Nínú yàrá kejì, ampilifáyà tó ń lo gílóòbù bíi ti rédíò ayé àtijọ́ ni wọ́n gbé kalẹ̀. Àwọn gílóòbù náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Àwo orin dúdú kan ń yí lórí ohun tó wúwo bí ọlọ. Fèrè ló ń kọ orin náà, pẹ̀lú báàsì onígi ńlá tí wọ́n ń fi ìka fà. Mo gbọ́ ìka yẹn. Mo gbọ́ bó ṣe nípọn, bó ṣe ń fi okùn sílẹ̀, bí igi ńlá náà ṣe ń gbọ̀n lẹ́yìn tí okùn ti dákẹ́. N kò lè pa á mọ́ra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ọmọ mi.

"Ṣé o gbọ́ báàsì yẹn? Ẹ̀rọ burúkú á kàn máa dún kìì, kìì, kìì ni. Èyí ń sọ̀rọ̀. O lè mọ ohun tó ń sọ."

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ, Dádì." Ó wá fi ọwọ́ kàn mí lápá, bí ẹni pé kí n rẹ ohùn sílẹ̀. N kò mọ̀ pé ohùn mi ti lọ sókè. Bàbá òyìnbó kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí bóyá iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. N kò sọ fún un pé orí ìdúró ni mo wà nínú sítọ́ọ̀ ọsibítù láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, tí mò ń ti kẹ̀kẹ́ tó kún fún ìbọ̀wọ́ àti báńdéèjì. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo jáde kúrò nínú yàrá yẹn, mo sì ń rìn bí ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì.

Yàrá kẹta ni nǹkan ti bàjẹ́.

Sípíkà ibẹ̀ kéré, igi pupa ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń dán. Ọkùnrin tó ń polówó rẹ̀ jẹ́ ẹnì kan tó ní sùúrù. Ó kí wa káàbọ̀, ó ní òun fẹ́ lu orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì, pé ohun kan ṣoṣo lòun yóò yí padà láàárín méjèèjì, kí a gbọ́ ọ tán kí a tó sọ ohunkóhun. Ó ní dùùrù ló wà nínú rẹ̀ àti agogo kéékèèké. Ó lu àkọ́kọ́. Ó tẹ nǹkan kan. Ó lu èkejì. Lẹ́yìn náà ó wá béèrè pé èwo ló wù wá jù.

Àwọn òyìnbó yìí ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo wò ó pé irú mi ni wọ́n ń dúró dè. Mo gbé ọwọ́ sókè.

Mo ní, "Èkejì ni. Agogo inú rẹ̀ mọ́ gaara. Ó dà bíi pé nǹkan bo ti àkọ́kọ́ lójú."

Ọkùnrin náà kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn bó bá fi mí rẹ́rìn-ín. Ó fara balẹ̀ sọ fún gbogbo yàrá pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ohun tóun ṣe lẹ́ẹ̀kejì ni pé òun gé gbogbo ohùn òkè, ìyẹn ohùn tín-ín-rín, kúrò, kí a lè mọ ohun tí à ń pàdánù nínú ẹ̀rọ tí kò dára. Ó ní kò sí agogo kankan nínú èkejì.

Ẹnì kan wúkọ́. Bàbá tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti tẹ̀ lé wa wọ ibẹ̀, ó ń wo ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Ọmọ mi wá gbẹ́nu sókè lédè Òyìnbó pé, "I liked the second one better too. It was warmer." Bàtà rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo tọ́ ọmọ yìí dàgbà. N kò nílò etí láti mọ̀ pé irọ́ ló ń pa.

Ọkùnrin náà ní kò burú, pé òun yóò tún lu àkọ́kọ́ fún wa. Mo fetí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́. Mo gbọ́ dùùrù. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó dùn. Mo ń dúró de agogo. Mo wá rí i tí obìnrin kan lápá ọ̀tún mi rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́, tí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ mi orí lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọmọ mi náà gbójú sókè. Ohun kan ń dún nínú yàrá yẹn tí gbogbo wọn ń gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí wọn. Bí wọ́n bá mi orí, èmi náà á mi tèmi. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ orin náà parí.

Ní ibi tí a gbé mọ́tò sí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkùnrin náà. Mo ní ẹlẹ́tàn ni, pé ọjà ló fẹ́ tà, pé wọ́n ti bá àwọn kan sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n máa mi orí. Ọmọ mi dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Nígbà tí mo mí, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kàn lọ yẹ etí yín wò. It's just a test."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí i lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ kí n lè sọ pé n kò rántí rẹ̀. Mo ní ìwọ tí o kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orin àti ariwo, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́ràn. Mo ní nítorí pé o ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi lo ṣe gbé mi wá síbí kí òyìnbó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tó ń lọ sídìí mọ́tò wọn ń wò wá. Ọmọ tó ti wà nílé ọkọ ni mò ń bá wí bí ẹni tó fọ́ àwo. Ó ní, "Okay, Daddy." Ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Nígbà tí a dé Weston, mo bọ́ sílẹ̀ láìdúpẹ́.

Ìyàwó mi wà ní pálọ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó béèrè pé báwo lọ̀hún ṣe rí. Mo ní ó dára. Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo gbé ife omi sínú máíkírówéèfù nítorí tíì, mo sì dúró níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà náà ń lọ sílẹ̀. Ó tán, iná inú rẹ̀ kú. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Láti pálọ̀ ìyàwó mi ní, "Omi yín ti gbóná."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ó ti pariwo."

Mo yọjú sí i. Mo ní, "Ṣé ó máa ń pariwo ni?"

Ó dá ẹ̀wà ṣíṣà dúró. Ó wò mí, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́. Ó ní, "Dádì, ó ti ń pariwo látọjọ́ tí a ti rà á."

Mo jókòó. Ó wá sọ ọ́ fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní òun rò ó pé ilé iṣẹ́ tí a ti ń fi ẹ̀rọ lu irin ló fà á, ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi tì í. Òótọ́ ni. Wọ́n fún wa ní nǹkan tí a ó máa fi dí etí níbẹ̀, mo sì máa ń yọ tèmi kí n lè gbọ́ rédíò. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ ọ́ nígbà kan, mo ní òun ló ń kùn lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, òun ń dúró de ọjọ́ tí èmi fúnra mi yóò béèrè.

Ní Sọ́ńdè, mo lọ sídìí míksà bí ìṣe mi, ṣùgbọ́n ojú ni mo gbé lọ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin dìde, mo ń wo ìjọ. Àwọn màmá tó wà níwájú fa gèlè wọn wálẹ̀ bo etí. Mo ti ń rí i tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé òtútù ni. Obìnrin tó ní ọmọ kékeré gbé e, ó jáde sí kọ́rídọ̀. Mo ti máa ń rò pé ọmọ náà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ní òwú funfun nínú etí méjèèjì. Láti ibi tí mo jókòó sí, ohùn náà dùn, ó mọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Mo wo bọ́tìnnì ohùn òkè. Mo ti yí i débi tí kò tún sí ibi tó lè yí lọ mọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, mo pe obìnrin tó ń darí akọrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ ọdún bíi ti ọmọ mi ni, tíṣà ni ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwé agbègbè náà. Mo ní, "Jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Báwo ni ohùn tí mò ń gbé jáde ṣe ń rí létí yín?"

Ó ní, "Ẹ ń gbìyànjú, sà. Olúwa á san án fún yín."

"Kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn."

Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì, tòun ti aṣọ akọrin lọ́rùn. Mo ní kó dìde, kò dìde. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú. Ó máa ń gún wa létí. Àwọn kan máa ń lo oògùn ẹ̀fọ́rí kí wọ́n tó kúrò nílé."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, sà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

Ó ní, "A sọ ọ́ fún Pásítọ̀. Wọ́n ní ká fi yín sílẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ayọ̀ yín wà, ká má gbà á lọ́wọ́ yín."

Ó ti rò pé inú rere Pásítọ̀ ni òun ń sọ fún mi. Inú rere ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo ronú nípa gbogbo ìgbà tí wọ́n nawọ́ sí mi tí ìjọ sì pàtẹ́wọ́, àwọn ènìyàn tí etí ń ro, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń gún wọn létí, nítorí àgbà ni. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí míksà kúrò lára àwọn kọ́kọ́rọ́ mi tó kù, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo sọ pé kó wá ẹni tí etí rẹ̀ pé. N kò dúró jẹ ìrẹsì tí wọ́n ń pín lọ́jọ́ náà. Inú mọ́tò ni mo ti dúró de ìyàwó mi, mo sì yí ojú sí ògiri àwọn onítáìlì.

Ọmọ mi ló bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò, nítòsí ilé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé mo ti gbà. Òun fúnra rẹ̀ kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ibi ìgbémọ́tò. Ó kàn jókòó pẹ̀lú mi níbi tí a ti ń dúró, ó ń wo fóònù rẹ̀, èmi náà ń wo tèmi.

Obìnrin tó yẹ̀ mí wò mú mi wọ yàrá kékeré kan tí ògiri rẹ̀ rọ̀ bí tìmùtìmù. Ó fi nǹkan bò mí létí, ó fi bọ́tìnnì kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ohùn, bó ti wù kó kéré tó, kí n tẹ̀ ẹ́. Ó wá ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sẹ́yìn gíláàsì. Ohùn àkọ́kọ́ nípọn, mo gbọ́ ọ, mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ èkejì. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Mo ń wo ọwọ́ obìnrin náà láti inú gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, nítorí náà ohùn gbọ́dọ̀ máa dún. Mo tẹ bọ́tìnnì. Mo ṣírò lọ́kàn ìgbà tó yẹ kí òmíràn dún, mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mò ń ṣe dáadáa.

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Sir, I wasn't playing anything."

Ó fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ọmọ mi wà lórí àga ní kọ́rídọ̀, ó ti gbọ́. Kò gbójú sókè. Ó ń ṣe mí lóore lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ẹ̀rọ tí wọn yóò fi sí mi létí dé, a padà lọ gbà á. Ó kéré, ó bá àwọ̀ mi mu, wáyà rẹ̀ tín-ín-rín. Bí obìnrin náà ṣe tan án, mo gbọ́ kóòtù mi. N kò mọ̀ pé kóòtù máa ń dún. Mo gbọ́ bébà tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo gbọ́ bí àga ṣe ń dún lábẹ́ mi. Mo fa fìlà mi wálẹ̀ bo ẹ̀rọ náà kí n tó jáde sí ìgboro.

Ọmọ mi ní kí a lọ mu tíì nílé òun kó tó gbé mi padà. Ọkọ rẹ̀ ti lọ ibi iṣẹ́. A jókòó sí kíṣìnnì rẹ̀, omi ń hó, mo ń gbọ́ bó ṣe ń hó. Mo rò ó pé bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, n kò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ní, "Ohun tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ òtẹ́ẹ̀lì yẹn kò dára. Má bínú sí mi."

Ó ní, "It's okay, Daddy."

Mo ní, "Kò dáa. Sọ ohun tó wà nínú rẹ."

Ó da tíì sínú ife. Èdè Òyìnbó ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá yí i sí Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá kì í fẹ́ yá a lẹ́nu. Ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ òtẹ́ẹ̀lì kò dun òun tó bẹ́ẹ̀. Ó ní lákòókò òtútù tó kọjá, òun pè mí lórí fóònù níbi iṣẹ́. "Mo sọ fún yín pé mo lóyún, àmọ́ ó ti bàjẹ́. Ẹ ní, 'Ó dáa, ó dáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.' Ẹ wá ní kẹ̀kẹ́ ń dúró de yín."

Mo rántí ìpè náà. Ìyẹn ló burú jù. Mo rántí pé inú sítọ́ọ̀ ni mo wà, pé ohùn rẹ̀ kéré lórí fóònù, pé n kò mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn ni mo ṣe fún un: mo yan ìdáhùn tó bá gbogbo ọ̀rọ̀ mu. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ìyá rẹ̀ lọ bá a gbé, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Mo rò pé òtútù ló mú un. Ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ó ti sọ fún mi, ó sì gbà pé ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí n mẹ́nu bà á.

Mo ní, "N kò gbọ́ ọ. Mo ṣe bí ẹni tó gbọ́."

Ó ní, "Mo ti mọ̀ báyìí. Nígbà yẹn, mi ò mọ̀."

N kò lè wò ó lójú. Mo yọ fìlà mi lé orí tábìlì, nítorí ó ń ha ẹ̀rọ náà, ó sì ń pariwo sí mi létí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé bí kò bá ní pọ̀ jù fún un, kó tún un sọ fún mi. Ó dìde, ó pa rédíò, ó padà wá jókòó. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tó kọ́kọ́ mọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún, bí dókítà ṣe dákẹ́ tó ń wo ojú ẹ̀rọ kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. Fìríìjì rẹ̀ ń kùn lẹ́yìn mi, mọ́tò ń kọjá níta, gbogbo rẹ̀ ń wọlé sí mi létí lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ń yan ohùn rẹ̀ jáde láàárín wọn. Níbi tí n kò ti mú un, mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó sọ ọ́ parí. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Tíì ti tutù níwájú wa. Ó gbé e, ó lọ gbé omi mìíràn kaná.